Kíkọ́ Ọmọ Tí Kì Í Sọ Yorùbá Nílé ní Èdè àti Àṣà Yorùbá

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo kà jáde, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ Yorùbá ni mí, ọ̀gá wa ní kí n gba iṣẹ́ Yorùbá ní kíláàsì kẹta àti ìkẹrin láti sáà tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ó máa ṣe é, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ń sọ nílé, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ Ígbò tàbí ọmọ Ẹ̀gùn. A kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá tí òbí méjì ti wá sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́ kí n kọ́ ọmọ àwọn ní ìbọ̀rìṣà. Ibo ni kí n ti mú un? Ṣé dandan ni kí n kọ́ wọn ní àmì ohùn? Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn ní àṣà láìdá ìjà sílẹ̀ láàrin ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí?

Ìdáhùn

Ẹnu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú pátákó. Ọmọ tí kò tíì lè fi Yorùbá tọrọ omi kò ní ohun tí yóò fi lẹ́tà 25 ṣe, bí ó tilẹ̀ lè kà wọ́n lákàsórí láti A dé Y. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ fi sáà àkọ́kọ́ látòkè délẹ̀ ṣe iṣẹ́ gbígbọ́ àti sísọ, kí kíkà àti kíkọ wá máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan wà, ṣùgbọ́n, tí ẹ ní láti bá ọ̀gá yín sọ kí sáà tó wọlé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà lára àwọn tí ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí, tàbí tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú òfin náà kúrò. Kò sí bí ọmọ yóò ṣe fi ọkàn sí èdè tí wọ́n ń kọ́ ọ ní aago mẹ́wàá, tí wọn yóò sì jẹ ẹ́ níyà nítorí rẹ̀ ní aago méjìlá. Ẹ rán wọn létí pé òfin tí Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí ní ọdún 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí kan sọ fún yín pé ìjọba ti fagi lé Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò yàtọ̀ sí kíkọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, èyí tó dá dúró yìí sì ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ìfagilé náà dùn mí, nítorí pé a ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, wọn kò gbẹ́yìn, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ sọ èyí fún òbí tó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun jẹ́.

Ìkíni ni kí ẹ fi là wọ́n lóhùn, nítorí pé inú rẹ̀ ni èdè àti àṣà ti jẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ pé olùkọ́ so wọ́n pọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ "ẹ káàárọ̀, mà" ń kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń kọ́ pé ẹgbẹ́ ẹni ni à ń pè ní "ìwọ", pé "ẹ̀yin" ni ti àgbà. Ẹ má dúró sórí ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí ìyá tó ń gbálẹ̀ ọgbà pé "ẹ kú iṣẹ́", kí wọ́n kí ẹni tó jókòó pé "ẹ kú ìjókòó", kí wọ́n kí olùkọ́ tó ti ìrìn àjò dé pé "ẹ kú àbọ̀", kí wọ́n sì mọ̀ pé "ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí yín lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kó tó wọlé, títí tí kò fi ní ṣòro fún wọn mọ́.

Lẹ́yìn ìkíni ni kí ẹ mú àṣẹ kéékèèké wọlé: dìde, jókòó, wá síbí, ṣí ilẹ̀kùn, gbé àga yẹn fún mi. Ọmọ á kọ́kọ́ fi ara dáhùn kó tó fi ẹnu dáhùn, kí ẹ sì ní sùúrù fún un. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ohun tí ẹ lè fi hàn wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ ìgbálẹ̀, ìkòkò, ọlọ àti ọmọ ọlọ, ẹ gbé wọn wá sí kíláàsì. Bí ọmọ bá gbọ́ yín, tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, ẹ má bá a wí. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó wí i tẹ̀lé yín, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò gbọ́ Yorùbá, ìtìjú ni mo máa ń bá níbẹ̀ ju àìgbọ́ lọ: ó ti sọ ọ́ rí, ó ṣì í sọ, àwọn ará ilé fi ṣe ẹ̀rín, ó sì pa ẹnu mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ti àṣà, ohun tí mo máa ń rí jù nígbà tí mo bá wọ kíláàsì ni pé olùkọ́ á kọ "Àṣà Ìgbéyàwó" sójú pátákó, á to ìfojúsóde, alárinà, ìṣíhùn, ìtọrọ àti ìdána tẹ̀lé ara wọn, àwọn ọmọ á sì dà á kọ. Wọ́n á gba máàkì lórí rẹ̀, síbẹ̀ bí wọ́n bá bá òbí wọn lọ síbi ìdána lọ́jọ́ Sátidé, wọn kò ní mọ ohun tó ń lọ níwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ pín kíláàsì sí ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ, kí ọmọ kan ṣe alága ìdúró, kí òmíràn ṣe alága ìjókòó, kí ẹ sì kó obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu sórí tábìlì. Kí ẹni tó mú obì ṣàdúrà pé obì yóò bi ikú, yóò bi àrùn. Kí ẹni tó mú orógbó ní tọkọtaya yóò gbó, wọn yóò tọ́. Kí ẹni tó mú oyin ní adùn ni yóò gbẹ̀yìn ayé wọn. Ohun tí ọmọ yóò bá jáde nínú ogójì ìṣẹ́jú náà kò kéré: orúkọ nǹkan, gbólóhùn tó pé, ìlò "yóò", àti ohùn tí a fi ń bá àna sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣe ìsọmọlórúkọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohun èlò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n á sì rí i fúnra wọn.

N kò ní jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìpa àlọ́. Àpamọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: "Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́, kí ni o?" Ahọ́n ni. "Gbogbo ilé sùn, Kánńbó kò sùn, kí ni o?" Imú ni. Ọmọ á gbé e lọ sílé láti fi dán òbí rẹ̀ wò. Àpagbè ń fẹ́ àkókò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ègbè orin Ìjàpá ni ibi tí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ti máa ń kọ́kọ́ lanu, nítorí pé gbogbo kíláàsì ló ń gbè é, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bí ó bá ṣì í. Bí ẹ bá rí ọpọ́n ayò rà, ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ni ẹ ó fi kọ́ wọn ní òǹkà. Ẹni tó bá ka ogún ọmọ ayò, tó sì yọ mẹ́rin kúrò, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ bí a ṣe rí mẹ́rìndínlógún.

Àmì ohùn jẹ́ dandan, àmọ́ etí ló ń kọ́kọ́ kọ́ ọ. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ẹ lo orúkọ àwọn ọmọ fúnra wọn: mí mí ni Bọ́lá, re mí ni Adé, mí mí dò ni Táíwò, mí dò mí ni Kẹ́hìndé. Ẹ kùn ún lẹ́nu láìpe orúkọ náà, kí wọ́n sọ ẹni tí ẹ ń pè. Orúkọ ọmọ Ígbò àti ọmọ Ẹ̀gùn wà nínú eré yìí pẹ̀lú, nítorí pé èdè wọn náà ní ohùn bíi tiwa. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ gángan lù, kí ó wá fi ìlù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá di ti kíkọ, lẹ́tà tó dá dúró ni ẹ, ọ àti ṣ, ẹ sì gbọdọ̀ béèrè wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kan ìwé. Àmì orí fáwẹ̀lì lè dúró di sáà kẹta, kí ẹ má sì yọ máàkì lórí rẹ̀ ní ọdún kìíní. Ẹ̀yin fúnra yín kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú wọn láìfi àmì tó yẹ sí i. Pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Gboard lórí fóònù, ẹ lè fi tẹ iṣẹ́ yín. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìwé orin àti Bíbélì àtijọ́ tí àwọn ọmọ ń bá nílé, níbi tí "aiye", "enia" àti "okonrin" wà. Ìlànà àkọtọ́ ọdún 1974 ni à ń tẹ̀lé nísinsìnyí, ayé, ènìyàn àti ọkùnrin ni a sì ń kọ.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́ jù, nítorí pé òun ló ti lé ọ̀pọ̀ olùkọ́ rere padà sórí dída ìwé kọ. Ẹ má ka òbí méjèèjì náà sí aláìmọ̀kan. Nítorí ọmọ wọn ni ẹ̀rù fi ń bà wọ́n, ẹ sì lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo òbí, kí ẹ to àkòrí tí ẹ fẹ́ kọ́ sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé a kò ní bọ ohunkóhun ní kíláàsì, a kò ní gbàdúrà sí òrìṣà kankan, a kò sì ní bú òrìṣà kankan. Lójú tèmi, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ oníṣẹ̀ṣe lè wà níwájú yín kí ẹ má mọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún un pé ohun ìtìjú ni ẹ̀sìn bàbá rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ kò lè sá fún orúkọ àwọn òrìṣà. Kíláàsì tí Ògúnlànà, Fásanyà àti Ọ̀ṣuntókun jókòó sí yóò béèrè ohun tó wà nínú orúkọ bàbá wọn, ó sì yẹ kí olùkọ́ lè dá wọn lóhùn láìfi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: pé irin ni a mọ̀ mọ́ Ògún, pé àwọn alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ ló ń bọ ọ́ jù. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Nàìjíríà, Benin àti Tógò mọ́ iṣẹ́ ọnà àtẹnudẹ́nu tó jẹ́ ti gbogbo ayé ní 2001, wọ́n ka Ifá mọ́ ọn ní 2005, wọ́n sì fi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú àwọn ibi àjogúnbá ayé ní ọdún 2005 náà. Òbí tó bá gbọ́ èyí á mọ̀ pé ìmọ̀ ni ẹ ń wí. Ohun tó bá jẹ́ awo ńkọ́, bíi ti Orò tàbí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀kú? Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ìkòròdú tí Orò ti ń jáde ni ẹ wà, ẹ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò ní awuyewuye nínú ni kí ẹ fi ṣáájú. Oríkì àbísọ kò mọ ẹ̀sìn. Àjọkẹ́ ń bẹ ní mọ́ṣáláṣí, Àkànní ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè oríkì rẹ̀ àti ti orílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, lórí fóònù bí wọ́n bá jìnnà, kí ó wá kì í fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ àmúrelé, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń mú kí ilé tí kì í sọ Yorùbá sọ ọ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan, ó kéré tán. Ẹ má fún ọmọ Ígbò tàbí ọmọ Ẹ̀gùn ní oríkì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n mú orúkọ àti ìwúre ilé wọn wá, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹ̀gùn kì í ṣe àlejò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọmọ Àgbádárìgì ni wọ́n. Bí ẹ bá dé orí ọdún ìbílẹ̀, Ọjúde Ọba ni mo dá lábàá. Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí yín, ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ níbẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, kí wọ́n sì sọ aṣọ, àwọ̀ àti ìlù tí wọ́n rí.

Ẹ gba ìlànà iṣẹ́ Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Ẹ ó rí i pé ó pín iṣẹ́ sí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Pípín náà wúlò fún ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́, kò wúlò fún ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa pàdé nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ó wá ku ìdánwò. Bí gbogbo máàkì bá wà lórí ìwé, àwọn ọmọ àti òbí wọn á gbà pé ìwé nìkan ni ẹ kà sí. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí ìdajì máàkì jẹ́ ti ẹnu: kí ọmọ kí àgbàlagbà kan bó ṣe yẹ, kí ó dárúkọ nǹkan mẹ́wàá tí ẹ nàka sí, kí ó pa àlọ́ kúkúrú kan tàbí kí ó ròyìn ohun tó ṣe lópin ọ̀sẹ̀, kí ó sì ki ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún ọmọ kan, ẹ sì lè pín wọn sí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdánwò. Ọmọ kíláàsì kẹrin tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ láìfi Gẹ̀ẹ́sì là á ti tó ẹni tí a ń fún ní ìwé ìtàn kà ní kíláàsì karùn-ún. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì rẹ̀, kí olùkọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín má baà dá a padà sórí A, B, D.