Ọmọ kọ ọ̀rọ̀ Darwin nínú ìdánwò, ṣé ó ti di kèfèrí ni?

ÌBÉÈRÈ: Salamu alaykum Àfáà wa. Ọmọ mi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì níbí ní Ṣágámù, wọ́n kọ́ wọn ní báólójì pé ara ẹranko lèèyàn ti wá, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò kó má baà fèlì. Brọ́dà kan ní asalátù wa wá sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ó ti di kèfèrí, kó lọ wẹ̀ kó tún kálímà ṣàhádà sọ. Òmíràn ní irọ́ ni, pé Kùránì gan-an fara mọ́ ọn, pé Ànábì Ádámà ní bàbá àti ìyá. Ọmọ ò fẹ́ lọ asalátù mọ́.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salam, ìyá wa. Ẹ ní kó fọkàn balẹ̀, mùsùlùmí ni. Wọ́n bi í ní ohun tí Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀, sọ, ó ròyìn ẹ̀, kò ní òun gbà á gbọ́. Ṣé a kì í ka Suratu Nazi'at lórí ìrun ni? Ọ̀rọ̀ Fir'aonu wà níbẹ̀, "èmi ni olúwa yín tó ga jù lọ", ìmáàmù ń kà á, àwa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ẹ̀, ta ló di kèfèrí nínú wa?

Brọ́dà yẹn ló yẹ kẹ́rù bà. Ànábì (SAW) ní ẹni tó bá pe ọmọ ìyá ẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀rọ̀ yẹn á já lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lórí, ó wà nínú Bukhari àti Muslim, àmọ́ èèyàn á gbọ́ wàásù méjì lórí fóònù, ó ti di adájọ́. Kó lọ bẹ ọmọ yẹn o, lójú ẹgbẹ́ tó ti dójú tì í náà ni.

Ti ẹnì kejì ló léwu jù. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ máa ń fa aayah 14 nínú Suratu Nuh yọ, pé ìpele ìpele ni Ọlọ́hun dá wa. Ẹ ka Suratu Mu'minun 12 sí 14, Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ti ka ìpele ọ̀hún: àtọ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì, bááṣí ẹran, eegun, ẹran tó bo eegun. Inú ìyá ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ọ̀bọ dà níbẹ̀? Al-Imran 59 ló wá parí ọ̀rọ̀ Ànábì Ádámà. Àwọn nàsárá, ìyẹn onígbàgbọ́, láti ìlú Najran ló wá bá Ànábì jiyàn, pé tí Ànábì Ísà ò bá ní bàbá, ọmọ Ọlọ́hun ni nìyẹn, Ọlọ́hun wá ní bí Ísà ṣe rí bẹ́ẹ̀ náà ni Ádámà rí, erùpẹ̀ ló fi dá a, ó ní "jẹ́ bẹ́ẹ̀", ó sì rí bẹ́ẹ̀. Tí Ádámà bá wá ní bàbá àti ìyá, èsì wo ló kù nínú aayah yẹn? Nínú Suratu Sad, Ọlọ́hun tún ní ọwọ́ Òun méjèèjì lÒun fi dá a. Àwa ahlu sunnah, àwa tó ń tẹ̀lé ìlànà Ànábì, gbà á bó ṣe wà, a ò yí i, a ò sì fi wé ọwọ́ ẹ̀dá.

Pé ẹranko ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ara wọn, a ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ọ̀rọ̀ Ádámà nìkan la ò ní gbà. Ẹ̀yin oníwàásù náà, ẹ yéé parọ́ mọ́ Darwin pé ó ní ọ̀bọ inú igbó J4 ló bí èèyàn, ohun tó sọ ni pé baba ńlá kan náà ló bí àwa àtàwọn. A ò gbà á, àmọ́ ọmọ tó ti kà á ní síláàsì, tó wá gbọ́ irọ́ yẹn lẹ́nu yín, kò ní gba òótọ́ tẹ́ ẹ bá sọ mọ́.

Ìyá wa, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú un lọ asalátù ní Sọ́ńdè. Tí brọ́dà yẹn bá tún dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀, ẹ ní kó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alàásárì.