Ìkọlù Ọkàn Mú Ọkọ Mi: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ní Kí A Dúró Fún 40 Ọjọ́?

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìkọlù ọkàn ti mú bàbá àwọn ọmọ mi. Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀, wọ́n ní agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde jẹ́ ìdá 32 nínú 100, àti pé ìlù ọkàn ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tó báyìí lè dàrú lójijì, kó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn 40 ọjọ́ kí wọ́n tó sọ bóyá wọn yóò fi ICD, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná dá ìlù ọkàn tó bá dàrú padà sípò, sí i láyà. Lóru, mo máa ń gbé etí lé àyà rẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń lù. Bí ewu bá wà, kí ni a ń dúró dè?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, Ìyáàfin. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí pé oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkọlù ni ewu ikú òjijì pọ̀ jù fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀.

Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá dí, apá kan nínú ẹran ọkàn yóò kú, yóò sì di àpá. Iná tó ń mú ọkàn lù kì í gba inú àpá kọjá. Ṣùgbọ́n ní etí àpá náà, fọ́nrán ẹran tó ṣì wà láàyè máa ń há sáàárín èyí tó ti kú, iná yóò sì máa rìn tìkọ̀tìkọ̀ gba inú wọn. Kó tó yọ sí òdìkejì, ẹran tó wà níbẹ̀ ti sinmi, ó ti ṣe tán láti tún lù, ni iná náà yóò bá ṣẹ́rí padà, tí yóò sì máa yí àpá náà po láìdúró. Ọkàn lè wá máa lù tó ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kàn máa gbọ̀n ni, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ọpọlọ.

Iye 32 yẹn ni ìdá ẹ̀jẹ̀ tí yàrá òsì ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ le sábà máa ń wà láàárín 55 sí 70. Ìwádìí MADIT-II ti ọdún 2002 ló fi hàn gbangba pé ẹ̀rọ náà ń dín ikú kù fún àwọn tí iye tiwọn kò ju 30 lọ, ṣùgbọ́n kò gba ẹni tí ìkọlù rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan.

Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ dúró ni pé kì í ṣe gbogbo ẹran tí kò ṣiṣẹ́ ló kú. Òmíràn dákú ni, ó sì lè jí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá bí wọ́n bá ti la iṣan tó dí; fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń dúró tó 90 ọjọ́. Nínú ìwádìí DINAMIT ti ọdún 2004, wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí àwọn aláìsàn láàárín ọjọ́ 6 sí 40: ikú tí ìlù ọkàn tó dàrú ń fà dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikú láti ọ̀nà mìíràn pọ̀ sí i, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà.

Ẹ má ṣe fi iye yẹn ṣe awo tó mọ ọ̀la. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú lójijì ni iye tiwọn ju 35 tí àwọn dókítà sábà máa ń fi ṣe ààlà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan fi ń lo MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara) láti wo bí àpá náà ṣe tóbi tó, tàbí ẹ̀rọ tó ń gba ìlù ọkàn sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Gbígbé etí lé àyà kò lè sọ èyí fún yín. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni ìdákú: bó bá dákú, tàbí tí ọkàn rẹ̀ sáré lójijì tí òòyì sì kọ́ ọ, ẹ má ṣe ka ọjọ́ kankan mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fo oògùn rẹ̀, kí gbogbo ilé sì kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ gba ọjọ́ àwòrán kejì sílẹ̀.