Ọ̀nà wo ni ẹni tó fẹ́ fi ìtọ́jú ọpọlọ tó fara pa ṣe iṣẹ́ lè gbà ní Èkó?
Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka físíotẹ́rápì, ìtọ́jú tó ń fi ìdárayá mú ara padà bọ̀ sípò, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àrábà, níbi tí ilé ìwòsàn LUTH wà. Bí ìwádìí bá wù ú jù, kí ó kàwé dé ipò ọ̀mọ̀wé. Kí ó tètè mọ òṣùwọ̀n Glasgow, tí àwọn dókítà Teasdale àti Jennett gbé jáde ní 1974, èyí tó ń lo ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìmira láti díwọ̀n bí aláìsàn ṣe wà lójúfò sí, láti 3 (tí kò mọ nǹkan kan) dé 15 (tó wà lójúfò pátápátá).

Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ jù lọ, lójú tèmi: ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà lè máa tún kọ́ bí a ṣe ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù, léraléra, títí ọpọlọ rẹ̀ yóò fi rí ọ̀nà mìíràn gbà darí ọwọ́.