Èsì: Kí ló dé tí akọ epìyà kan ń tọ́jú ẹyin, tí òmíràn ń gbé e mì?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Nínú ọ̀sà wa l'Ẹ̀pẹ́ níbí, akọ epìyà alágbọ̀n dúdú ló ń kó ẹyin sẹ́nu. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe wú! Kò ní jẹun dáadáa títí ọmọ á fi jáde. Ìyà ńlá ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀dájú.

Ní ti èyí tó ń gbé ẹyin mì, irú abo tí akọ ẹja bá pàdé lè yí bó ṣe ń tọ́jú ẹyin padà. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i lára ẹja pipefish, tí akọ ń gbé oyún sínú àpò ara rẹ̀: ọmọ tó ti ara ẹyin abo ńlá wá ń yè ju ti abo kékeré lọ.

Ti epìyà yín, ẹ kọ́kọ́ yé fi àwọ̀n dà á láàmú. Ìpayà nìkan tó láti mú un tu ẹyin dànù.