Má fi líǹkì Google Forms ṣe ìwádìí yẹn

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní iṣẹ́ másítà rẹ dá lé bí àwọn ọmọ iléèwé gírámà l'Óṣogbo ṣe ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́kọ̀ọ́, o sì fẹ́ ju líǹkì Google Forms sínú àwọn gúrúùpù WhatsApp iléèwé kí iṣẹ́ lè yá. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti ní fóònù, tó ní dátà, tí iná wà nílé wọn, ni líǹkì yẹn máa bá. Èyí tí kò ní, tó jẹ́ pé torí rẹ̀ gan-an lo ṣe ń ṣe ìwádìí, kò ní sí níbẹ̀ rárá. Tẹ ìbéèrè rẹ sórí bébà, kí o sì gbé e wọ kíláàsì fúnra rẹ.

Tí o bá máa lo Moodle, ìyẹn ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń kọ àkókò tí oníkálùkù wọlé sílẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, alẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ń wọlé. Ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ yẹn nìkan á kọ ọ́ pé alẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn láti kàwé. Mo bi wọ́n. Fóònù ìyá wọn ni, ìyá sì gbọ́dọ̀ ti ọjà Ìgbọ̀nà dé ná! Orúkọ ìwọlé mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ń lò. Ẹ̀rọ ò lè sọ ìyẹn fún ọ.

Ó ṣeé ṣe kí súpáfáísọ̀ rẹ ní kí o lo ìlànà tí olùwádìí kan, Fred Davis, gbé jáde ní 1989 láti fi mọ̀ bóyá ènìyàn máa gba ẹ̀rọ tuntun lò: ṣé nǹkan náà wúlò fún ẹni tó ń lò ó, ṣé ó sì rọrùn. Lò ó, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní Kánádà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi dán an wò, wọn kì í ṣe ọmọ tó ń yá fóònù ìyá rẹ̀ lò. Fi tìrẹ kún un: ta ló ni fóònù? Ìgbà wo ló ń dé ọwọ́ rẹ? Ta ló ń ra dátà?

Má sì gbójú fo Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní 2013 ni ìjọba Rauf Aregbesola, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, gbé e jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, kò sì dìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà kí wọ́n tó kà á. Àwọn tó lò ó ti dàgbà, wọ́n wà káàkiri ìlú yìí. Wá wọn kàn, bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n ń ṣí níbẹ̀, àti ohun tí olùkọ́ ń fi ṣe ní kíláàsì. Kò sí ìwé òkèèrè tó máa fún orí kejì iṣẹ́ rẹ ní irú ẹ̀.

Kí o sì dán ohun tí ọmọ mọ̀ wò, má dúró lórí bóyá ó gbádùn rẹ̀. Ní Peru, ìjọba pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn iléèwé ìgbèríko. Àwọn olùwádìí fi wọ́n wé àwọn tí kò rí gbà, èsì tó jáde ní 2012 sì ni pé ìṣirò àti èdè wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí o, kọ ìwé àṣẹ náà ní Yorùbá kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Kí o sì tètè lọ kí SS3 tó wọ WAEC, torí lẹ́yìn ìyẹn o ò ní rí wọn kó jọ mọ́.