Wọ́n ní kí n wá sọ bí ọmọ mi ṣe kú. Ṣé kí n lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ oṣù 9, ṣaláìsí nílé ìwòsàn kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sẹ́yìn. Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é, gìrì wá gbé e lóru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan pè mí pé àwọn ń yẹ ikú àwọn ọmọdé wò, kí n wá ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n má lọ, torí pé a fún ọmọ náà lágbo kí a tó gbé e jáde, wọ́n á sì ní àwa la pa á. Kí ni àǹfààní kí a tún máa hú ọ̀rọ̀ yìí jáde?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ó dájú pé àwọn tó wá kí yín ti sọ fún yín pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àdúrà gidi ni, èmi náà ṣe é fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi dànù mọ́ lórí lọ́nà odò, bó bá dìde tán, á wẹ̀yìn wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ, torí ọ̀nà yẹn náà ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa gbà lọ́la. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn pè yín sí nìyẹn. Ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbo náà ní tààrà, torí òun ló ń bà yín lẹ́rù. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, ááyù àti àlùbọ́sà ṣe máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wálẹ̀ gan-an, ó sì lè jẹ́ kí mímí rẹ̀ máa fà. Ibà líle náà máa ń fa ṣúgà yìí wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀ jù, gìrì á tún máa gbé ọmọ sí i. Irú àgbo tí ẹ lò ni wọ́n máa bi yín. Kò sí ẹni tó lè dúró lókèèrè kó ní àgbo ló pa ọmọ náà.

Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí lágbègbè Iléṣà, a jókòó yí tábìlì ká lórí ikú ọmọ bíi tiyín. Èmi ni dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Fáìlì ṣí sílẹ̀ níwájú wa, a ń ka àkókò inú rẹ̀. Aago 9:40 alẹ́ ni wọ́n gbé e wọlé. A fún un lábẹ́rẹ́ gìrì, a fún un lábẹ́rẹ́ ibà. Nígbà tí aago 11 fi lù, ìlà tó yẹ kí a kọ ṣúgà sí ṣì ṣófo. Gbogbo wa dákẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tó jókòó lẹ́yìn ló wá sọ pé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sì ti bá mátírọ́nù lọ sílé. Ìyá ọmọ náà ti sọ fún ẹni tó lọ bá a nílé pé àwọn lo àgbo. Ẹ̀rù ló bà á láti sọ ọ́ fún wa lóru yẹn, torí obìnrin kan sọ ọ́ níṣojú rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì jágbe mọ́ ọn.

Ibi àgbo nìkan kọ́ ni ẹsẹ̀ ti kọ. Ó kọ níbi ijágbe wa, ó tún kọ níbi kọ́kọ́rọ́. Ká ní a kàn kọ “ibà líle” sínú ìwé tí a pa fáìlì dé, a ò ní rí ìkankan nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ṣúgà kúrò nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí a ti ń gba àwọn ọmọ tí àìsàn wọn le. Ọmọ tí gìrì bá gbé wọlé, ṣúgà rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó bá sì ń béèrè àgbo lọ́wọ́ ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń béèrè orúkọ. Mo ti fọwọ́ ara mi wọn ṣúgà àwọn ọmọ tí ì bá kú ká ní kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì wà nílé mátírọ́nù.

Nàìjíríà ní ìlànà fún iṣẹ́ yìí, MPCDSR la ń pè é. Ikú aboyún, ti ọmọ tuntun àti ti ọmọdé ló ń tọpa. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni kí a dárúkọ ẹnikẹ́ni, tàbí kí a dáni lẹ́bi. Wọ́n á bi yín nípa ilé, nípa ojú ọ̀nà, àti nípa ọsibítù fúnra rẹ̀: ìgbà wo ni ara ọmọ gbóná, ta lẹ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀, mélòó lẹ san fún mọ́tò, báwo lẹ ṣe dúró pẹ́ tó kí ẹnìkan tó wò ó. Ẹ má fi ti ìdúró yẹn pa mọ́ nítorí ojú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń kú lọ́sibítù kì í lò ju 24 wákàtí lọ níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ò ṣàjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunkánú tó ń pa àwọn ọmọ, ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ló bá dá kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ náà déédéé, ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n náà sí sílé. Káàdì náà tàn kárí ayé. Síbẹ̀, ìwádìí orílẹ̀-èdè yìí ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá gbà pé dókítà kan ṣe ohun tí kò yẹ, ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, lẹ máa gbé ẹ̀sùn yẹn lọ. Ìjókòó yìí yàtọ̀ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání àti páálí oògùn tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n bá yín lọ, torí àwọn ló mọ ohun tó wà nínú àgbo náà. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ ní kí wọ́n dúró. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tiyín: kí lẹ máa yí padà, ta ló máa ṣe é, ọjọ́ wo? Mo ti rí àbọ̀ tí wọ́n kọ dáadáa tó jókòó sínú káńbọ́ọ̀dù, tí ọmọ mìíràn sì kú ikú kan náà. Bí wọn ò bá tíì ní èsì, ẹ gba ọjọ́ tí ẹ máa padà wá gbọ́ ọ.