Gìtá Olówó Gọbọi: Tí Mo Bá Fẹ́ Tà Á Lọ́la Ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àsẹ́rò ni mo ń gbé níbí l'Abẹ́òkúta, èmi ni mò ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì máa ń bá wọn lù ú níbi ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, ó ti ń lọ sí $3,000 báyìí, ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n fi ra Martin D-28 tuntun, gìtá onígi tí ilé iṣẹ́ Martin l'Amẹ́ríkà ń ṣe, ó ní gìtá olówó ńlá dà bí ilẹ̀ ni, owó ẹ̀ kì í wálẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá le kí n kàn tà á kí n sì jèrè. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé kí n lọ fi owó yẹn san àsansílẹ̀ ilẹ̀ gan-an l'Ọbáńtokò. Ṣé òótọ́ lọ̀rẹ́ mi sọ?
Alùgìtá, Àsẹ́rò

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìyàwó ẹ ti fẹ́ borí o, jẹ́ n tètè sọ ìyẹn.

Gìtá tuntun, bó ti wù kó wọ́n tó, ọjọ́ tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ló ti di àlòkù, kódà kó o má tíì fọwọ́ kan okùn ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń rà á tí wọ́n ń tà á dáadáa, èyí tó o ra ní $3,000, tó o bá fẹ́ tà á fún ẹlòmíì bíi tìẹ, máa retí bíi $2,000, tó bá mọ́ tónítóní ó lè lé díẹ̀, tó bá wá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lo gbé e lọ, ìdajì iye tí àwọn náà fẹ́ tà á tàbí kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa fẹ́ fún ẹ, ṣebí àwọn náà fẹ́ jẹun. Wáránńtì tí Martin àti Taylor, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà míì, ń fún èèyàn gan-an, ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ló wà fún, kì í bá gìtá lọ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé tó bá ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tó bá jẹ́ orúkọ táráyé mọ̀, ó máa ń dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ, tí wọ́n kọ orúkọ ẹ sí i lọ́rùn, ó lè dùn ju gbogbo wọn lọ o, ta ló wá fẹ́ ra gìtá tí orúkọ ẹlòmíì wà lọ́rùn ẹ̀?

Mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé iṣẹ́ Martin ti wà láti 1833, ará Jámánì kan tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. D-45, gìtá Martin míì tó tún wọ́n ju D-28 lọ, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1933 sí 1942, 91 péré ni, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú wọn lónìí, owó ilé ni wọ́n fi ń rà á. Ọ̀rọ̀ igi tún wà níbẹ̀. Títí di 1969, igi rosewood ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ D-28, ìgbà tí igi yẹn di ọ̀wọ́n wọ́n yí sí ti Íńdíà, nígbà tó sì di 1992 òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES sọ ọ́ di èèwọ̀ pé kéèyàn gbé e kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí D-28 ọdún 1965 fi wọ́n ju ti 1975 lọ fíìfíì. Ti olórin tún wà o: Martin D-18E ọdún 1959 tí Kurt Cobain, olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, lò lórí tẹlifíṣọ̀n MTV ní 1993, $6,010,000 ni wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní 2020, ọwọ́ tó lu gìtá yẹn ni wọ́n sanwó fún. D-28 tuntun tìẹ ńkọ́? Irú ẹ̀ pọ̀ níta lọ jàra, òmíràn á tún jáde lọ́la.

Níbi tí wọ́n ti ń rí wa mú ní Nàìjíríà ni náírà. Ká ní o ra gìtá $1,000 níbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦460 ní báńkì nígbà yẹn, ₦460,000 nìyẹn. O wá tà á ní $650 ní 2024 tí dọ́là ti di ₦1,500, ó lé ní ₦970,000 tó wọ àpò ẹ, o ti ń jó, o ní gìtá ti lówó lórí. Kò lówó lórí kankan, o pàdánù $350, náírà ló wó. Tó o bá fi dọ́là yẹn sílẹ̀ sínú àpótí, ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta sì ni wàá tà á fún l'Abẹ́òkúta? Rìn láti Kútọ̀ dé Pánṣẹ́kẹ́, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ jùjú, gìtá oníná ni wọ́n ń wá, àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ èyí tí wọ́n á ki wáyà bọ̀. Gìtá Yamaha F310 tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan á tètè lọ ju Martin lọ, ẹni tó bá sì rí Martin ẹ, á ní ṣebí igi kan náà ni. Ó di dandan kó o wá oníbàárà lọ sí Èkó.

Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ojú ọjọ́ wa. Gìtá olówó ńlá, igi gidi ni látòkè délẹ̀, kì í ṣe pílàìwúùdù, igi gidi sì ń mí. Àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà òjò tiwa máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, ikùn gìtá á wú, okùn á ga lọ sókè. Kí ọyẹ́ wá dé ní December, afẹ́fẹ́ á gbẹ, igi á sún kì, ó là nìyẹn, láti abẹ́ ibi tí okùn so mọ́. (Ilẹ̀ Ọbáńtokò kì í là lójú ọyẹ́, tó bá tiẹ̀ là òjò á dí i.) Tó o bá gbàgbé ẹ̀ sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án, gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ á rọ̀. Ọrùn tó bá ti yẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tún un dè, iṣẹ́ ńlá ni, má gbé e lọ bá káfíńtà láéláé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín ọ̀dà tuntun sí i, ó lè gba ìdajì owó ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ pé ohùn ẹ̀ lo fẹ́, ra àlòkù tó dáa, ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ gbèsè ìbẹ̀rẹ̀ yẹn tán, tó o bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa wàá rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ gbà lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tà á. Rà á pẹ̀lú kéèsì ẹ̀, kó o sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ èrè lò ń wá, bá ìyàwó ẹ lọ wo ilẹ̀ yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkọ mi tó ti sùn fi gìtá kan sílẹ̀, Martin ni wọ́n kọ sí i lórí, ẹnì kan fẹ́ fún mi ní ₦150,000, ó ní ó ti gbó. Kí n gbà á?
Ìyá Àgbà, Ìbarà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá, Mà. Ẹ má tíì gbà á o. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tan iná fóònù sínú ihò gìtá náà, kó wo ibi tí ọrùn ti wọlé, Martin ti ń tẹ nọ́ńbà síbẹ̀ láti 1898, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Kó tún wo etí ihò náà, tí ìlà igi bá gba inú ẹ̀ kọjá, igi gidi ni, tó bá jẹ́ pé ó to léra wọn bí ìwé, pílàìwúùdù ni, wọ́n sì ń ṣe ayédèrú Martin gan-an. Ẹ má nù ún, ẹ má kùn ún, ẹ má pààrọ̀ àwọn ohun tí wọ́n fi ń fa okùn ẹ̀, kódà kó ti dípẹtà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn sọ́wọ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á yẹn tó padà wá.